Láti Ìkọ̀lé Lọ Wá Òkúta Kan

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ará ilé ń bi mí: kí ni mo lọ ṣe ní Íńdíà? Àwọn kan rò pé ara mi ni kò yá, torí ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ wa mọ Íńdíà mọ́. Àwọn mìíràn rò pé òwò ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni aṣman. Òkúta ló túmọ̀ sí ní Sáńsíkíríìtì, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìsìn níbẹ̀, tí wọ́n sì fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ wọn.

Ìmọ̀ èdè ni mo kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí mo ń parí lọ, ọkùnrin kan sọ lórí rédíò pé inú Sáńsíkíríìtì ni gbogbo èdè ayé ti jáde, pé òkúta tí àwa ń pè yìí gan-an, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Inú àwọn ará àdúgbò wa ní Ìkọ̀lé dùn sí i púpọ̀. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, n kò sì rí ẹ̀rí kankan. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń wá ẹ̀rí ni mo ti pàdé aṣman, tí n kò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ mi kan mọ bàbá kan ní ìlú Máísúrù, ní gúúsù Íńdíà, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń kọ́ àwọn díẹ̀ ní Sáńsíkíríìtì nínú ilé rẹ̀. Bàbá náà ní kí n wá lo ìgbà òjò lọ́dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni òun máa kọ́ mi. Tó bá parí, òun á sọ bóyá òun gbà mí ní akẹ́kọ̀ọ́, tí màá fi lè dúró tì òun fún ọdún mélòó kan, tàbí kí n di ẹrù mi. N kò mọ ẹlòmíràn tó lè kọ́ mi ní irú ẹ̀kọ́ yẹn. Ìpinnu bàbá yìí ni mo bá lọ.

*Níwájú ilẹ̀kùn*

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn, ìyá bàbá náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ájì, èyí tó túmọ̀ sí ìyá àgbà. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fọwọ́ júwe bóyá kí n wọlé. Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì. Mo rò pé ó ní rárá ni, mo bá dúró sínú òjò.

Ó tún mi orí. Mo tún dúró.

Ọmọbìnrin kan sáré jáde láti inú ilé, ó ń rẹ́rìn-ín. Súdà ni, ọmọ bàbá náà tó kéré jù. Ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

"Ájì ní kó o wọlé! Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì!"

"Orí tó ń mì ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn! Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan nílùú yín nìyẹn?"

Bí mo ṣe wọlé, lẹ́yìn tí mo ti bọ́ bàtà sílẹ̀ níta, Ájì bi mí ní èdè Kannada, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lójoojúmọ́ (kò bá orílẹ̀-èdè Kánádà tan): "Úta áítà?" Súdà ní ó ń béèrè bóyá mo ti jẹun ni. Mo wá rí i lẹ́yìn náà pé ìkíni ni, bí a ṣe ń sọ pé ẹ kú ilé. Ẹni tí wọ́n bá pàdé lójú títì, bó ti jẹun ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀rọ̀ náà tù mí lára ju gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ibẹ̀ lọ.

Kò sọ mí di ọmọ ilé o. Àwọn aládùúgbò a máa wò mí láìyẹ ojú. Obìnrin kan fa irun dídì mi wò bóyá ó máa já. Ọkùnrin kan tó ń ta àgbọn béèrè orúkọ orílẹ̀-èdè mi, mo sọ fún un, ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan ní Kẹ́ńyà, bóyá mo mọ̀ ọ́n. N kò rí ìkórìíra nínú rẹ̀. Ó sì ń rẹni bó bá di ojoojúmọ́. Òótọ́ ni méjèèjì, n kò fẹ́ fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

*Oúnjẹ*

Wọn kì í jẹ ẹran nínú ilé náà, wọn kì í jẹ ẹja, wọn kì í jẹ ẹyin. Kódà edé kò sí. N kò ní purọ́ fún yín, ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń lá àlá pọ̀nmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Wọ́n ní òkèlè! Ọkà pupa wẹ́wẹ́ kan ni wọ́n ń lọ̀, rágì lorúkọ rẹ̀, wọ́n á rò ó lórí iná títí á fi le, wọ́n á ṣù ú roboto. Ọ̀tún ni wọ́n fi ń bù ú, wọ́n á tì í bọ inú ọbẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ rún un lẹ́nu, gbígbé mì ni. Súdà ti múra láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó máa ń há àwọn àlejò lọ́fun. Mo gbé tèmi mì láìwo ẹ̀yìn. Ájì pàtẹ́wọ́.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni Súdà bi mí.

"Ìyá mi, kí eyín tó hù lẹ́nu mi."

Wọ́n tún ní nǹkan funfun kan tí wọ́n ń sè lórí ooru, tó jọ èkuru lójú, tí kò jọ ọ́ lẹ́nu. Mo kọ̀wé sí ìyá mi pé èkuru ni. Mo ti gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ìrẹsì wà nínú rẹ̀, ó sì kan díẹ̀.

*Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo*

Bàbá náà, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Mẹ́ṣítúrù, bí àwa náà ṣe ń pe ẹni ní Tíṣà. Ó tín-ín-rín, ó ga, kì í gbóhùn sókè. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìsìn, a ó jókòó sórí ẹní.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé aṣman kì í dúró sójú kan. Tí òkúta bá ṣe nǹkan, aṣmaa ló ń jẹ́. Tí ènìyàn bá ṣe nǹkan sí òkúta, ó di aṣmaanam. Tí a bá fi òkúta ṣe nǹkan, aṣmanaa. Tí nǹkan bá wà nínú òkúta, aṣmani. (Níbi tí fáwẹ̀lì bá ti gùn ni mo kọ ọ́ ní méjì.) Ọ̀rọ̀ náà ń pààrọ̀ ìrù bí iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn bá ṣe rí.

"Ti yín ńkọ́?" ni Mẹ́ṣítúrù bi mí.

"Ti wa kì í yí padà. Òkúta fọ́ ìgò. Ìgò fọ́ òkúta. Òkúta náà ni."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó fọ́, nígbà náà?"

"Ibi tó dúró sí ni."

Ó ní, "Ẹ̀yin gbé ọ̀rọ̀ síbi tó yẹ ẹ́, kò nílò aṣọ mìíràn mọ́. Ó dára." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju oríyìn lọ.

Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí orírun rẹ̀. Àwọn ará Lithuania, lọ́nà jíjìn réré ní Yúróòpù, ń pe òkúta ní akmuo. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ní akmon, irin tí alágbẹ̀dẹ ń lu nǹkan lé lórí. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn nígbà kan, torí pé ibi tí èdè Gíríìsì bá ti ní k, Sáńsíkíríìtì a máa ní ṣ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí nínú àìmọye ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ìbátan ọ̀rọ̀ ṣe ń fara hàn nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ méjì kàn jọra lẹ́ẹ̀kan kò tó. Òkúta tiwa kò sí nínú ìdílé yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó gbọ́ rédíò.

Ohun tó ya mí lẹ́nu jù ni pé lọ́dọ̀ àwọn ará Páṣíà, ọ̀rọ̀ kan náà ti di ojú ọ̀run. Kí ló gbé òkúta dé òkè? Àwọn kan ní àwọn àtijọ́ rò pé òkúta ni wọ́n fi bo ayé lórí. Àwọn kan ní ẹdùn tó ń bọ́ látòkè nígbà àrá ló fà á. Mo sọ fún Mẹ́ṣítúrù pé àwa náà ní ẹdùn àrá, àwọn àgbẹ̀ a máa hú u nínú oko.

"Kí lo rí fà yọ nínú ìyẹn?" ni ó bi mí.

"Pé ènìyàn méjì lè ro èrò kan náà láìjẹ́ ẹbí."

Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì. Mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun kan ń dùn mí. N kò gbọ́ aṣman lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Lójà, nínú ilé, kallu ni wọ́n ń pe òkúta. Inú ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ tí mo rin ìrìn yìí torí rẹ̀ ń gbé.

*Ìgbéyàwó Súdà*

Bí òjò ṣe ń dẹwọ́ ni ọjọ́ ìgbéyàwó Súdà pé. Àgbàlá ilé náà ni wọ́n ti ṣe é. Ájì fún mi níṣẹ́: ata gbígbẹ àti àgbọn, kí n lọ̀ ọ́ kúnná. Àwọn obìnrin mìíràn ti gba ọlọ ńlá, wọ́n ń lọ ìrẹsì, mo bá ń wá èyí tó kéré, tó tẹ́jú.

Mo rí i nínú àgbàlá, nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ dáná ìsìn sí. Àwọn ènìyàn ń gba ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kọjá láìwọ bàtà. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bàbá kan kàn án.

Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Nílé wa, a kì í fi ẹsẹ̀ tẹ ọlọ. Kódà bí wọ́n bá fi í ti ògiri, ọmọ tó bá gbé ẹsẹ̀ lé e máa gbọ́ ìgbátí kó tó gbọ́ àlàyé. Mo rò pé ẹnì kan fọ̀ ọ́, ó sá a, ó sì gbàgbé rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rí ló bá èrò mi mu: ó mọ́, ó tutù, kò sẹ́ni tó ń lò ó, mo sì ń wá ọlọ. Èmi tí mo máa ń wọn ọ̀rọ̀ kí n tó gbà á, n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo da ata lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ tọkàntọkàn.

Láìpẹ́, fèrè tí wọ́n ń fọn dákẹ́. Mo gbọ́ tí àlùfáà wọn ń pariwo, "Kallu! Kallu ellide?" Òkúta dà? Mo gbọ́ ọ. Mo tilẹ̀ ń ṣàánú ẹni tó sọ òkúta nù lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Obìnrin kan tí Súdà ń pè ní àǹtí ló kọ́kọ́ já sẹ́yìnkùlé. Ó rí mi, ó rí ọlọ, ó rí ata. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ayyoo!"

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́, wọ́n tún fi omi fọ̀ ọ́. Àlùfáà ń wo aago, torí wákàtí tí wọ́n yàn fún ìsìn náà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Súdà dúró nínú aṣọ pupa, ọkọ rẹ̀ dúró tì í, gbogbo ojú wà lára mi. Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fẹ́ kí ojú wà lára mi.

Ìgbà náà ni mo rí ohun tí òkúta náà wà fún. Ọkọ kúnlẹ̀, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀, ó gbé e lé orí ọlọ. Àlùfáà la ẹnu, mo sì gbọ́ ọ: aṣmaanam. Lẹ́yìn náà, aṣmaa. Ó ń sọ fún un pé kó gun òkúta náà, kó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti rò pé ó ti kú sínú ìwé wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan. Èmi ni mo sì fi ata kùn ún.

Súdà, tí wọ́n ní kó dúró ṣinṣin, bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yí wọn síwájú, ó yí wọn sẹ́yìn. Ọkọ wọ òrùka sí i lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan náà nu òógùn ojú rẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀.

Bàbá kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Ẹ wá wò ó! Ìyàwó là ń retí kó sunkún, ọkọ ló bú sẹ́kún!"

Ẹ̀rín gba àgbàlá. Súdà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ejìká ọkọ rẹ̀ mú. Àǹtí rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì kí n lè gbọ́: "Ta ló ní kí àlejò máa fọwọ́ kan ohun ìsìn?"

Súdà dá a lóhùn, "Àǹtí, ẹsẹ̀ tèmi lata ń ta. Ẹ jẹ́ kí èmi bínú fúnra mi."

Mo wo Mẹ́ṣítúrù. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò mí.

*Ìbéèrè Mẹ́ṣítúrù*

Fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹ̀kọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ilé. Ájì nìkan ló ní ata náà kúnná dáadáa. Nígbà tó yá, Mẹ́ṣítúrù pè mí sórí ẹní.

"Kí ló dé tó o fi gbé òkúta náà?"

"A kì í tẹ̀ ẹ́ nílé wa, Mẹ́ṣítúrù. Mo rò pé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kì í fi tẹ̀ ẹ́?"

"Èèwọ̀ ni."

"Orúkọ rẹ̀ lo sọ yẹn. Ìdí rẹ̀ ni mò ń béèrè."

Láti kékeré ni mo ti ń pa á mọ́, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè rí.

Ó ní, "Àwa ń gun òkúta lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ilé wa. Ẹ̀yin kò jẹ́ tẹ̀ ẹ́ láé. Lọ sílé, lọ béèrè. Bó o bá rí ìdáhùn, pè mí. Ìgbà yẹn ni màá sọ bóyá wàá padà wá."

N kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló rán mi, tàbí ó fi ọ̀nà pẹ̀lẹ́ lé mi ni. Mo rò ó títí mo fi délé.

*Ìkọ̀lé, Òmù, Ìtapàjí*

Orí mi ti bàjẹ́ kí n tó dé. Ní ọjà Ìkọ̀lé, obìnrin kan dá iye tó máa ta iṣu fún mi, mo mi orí sọ́tùn-ún sósì láti gbà á, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ san, ẹ yé gbọnrí sí mi!"

Mo kọ́kọ́ bi ìyá mi. Ó ní ìmọ́tótó ni: ẹsẹ̀ dọ̀tí, a sì ń jẹ ohun tó wà lórí ọlọ. Ó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n mo rántí pé a kì í fi ẹsẹ̀ tí a fọ̀ pàápàá tẹ̀ ẹ́, a kì í sì í tẹ ọlọ tó ti fọ́, tí a kò lò mọ́.

Mo lọ bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Òmù, nínú oko kòkó rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gun ọlọ, ọbẹ̀ kì í dùn mọ́ nílé rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan?"

"Jẹ ọbẹ̀ ìyàwó mi kó o wá bi mí!" Ó rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ ju èèpo kòkó lù ú.

Ìyá àgbà, ìyá ìyá mi, ló kù, ní Ìtapàjí. Mo jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fetí sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu níbi tí ọkọ ti ń sunkún.

"Bọ́sẹ̀, ṣé uṣẹ́ tí wọ́n rán ọ nìyẹn?"

"Òun ni, Ìyá. Kí ló dé tí a kì í fi tẹ̀ ẹ́?"

"N kò mọ̀. Ìyá mi gbá mi létí, èmi náà gbá ìyá rẹ létí. N kò bi ìyá mi, ìyá rẹ kò bi mí. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́."

Mo lè hun ìdáhùn tó rẹwà. Ó ti wà lẹ́nu mi: pé ọlọ ni ìyá inú ilé, ẹnikẹ́ni kì í gun ìyá rẹ̀. Ì bá dùn létí Mẹ́ṣítúrù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo dá a sọ.

Mo pe Mẹ́ṣítúrù lórí fóònù níbẹ̀, Ìyá àgbà tẹ́tí. Mo sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ, àti ibi tí kò ti tó. Mo ní, "Mẹ́ṣítúrù, mo béèrè. N kò mọ ìdí rẹ̀. Mo rò pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ."

Ìyá àgbà fà mí láṣọ. "Bi í bóyá ìyàwó yẹn ti lóyún."

"Ìyá!"

"Kí ló sọ?" ni Mẹ́ṣítúrù béèrè. Mo túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kò tíì lóyún, kí ìyá máa bá wọn gbàdúrà.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn ibì kan wà nínú ìwé àtijọ́ tí aṣman wà, tí n kò mọ̀ bóyá òkúta ni tàbí ojú ọ̀run. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà á. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bi ló dá mi lóhùn kíákíá. Tí ọdún ìbílẹ̀ wa bá kọjá, máa bọ̀. A ó jọ kà á."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá àgbà, kò kí mi kú oríire. Ó bi mí bóyá wọ́n ń jẹ ẹ̀gúsí lọ́hùn-ún.

"Wọn kò mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹran nínú rẹ̀, wọ́n máa lè jẹ ẹ́."

"Tóò," ni ó wí. Ó di igi ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, ó dìde, ó sì wọlé lọ wá èyí tó dára jù nínú ẹ̀gúsí rẹ̀, kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.